Ráútà wo ni kí ISP kékeré n'Íbàdàn gbé sí ẹnu ọ̀nà: BIRD, FRR, MikroTik, àbí tòkunbọ̀?

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ń bójú tó nẹ́tíwọ̀kì ISP (ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì) kékeré kan n'Íbàdàn. Rédíò la fi ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ oníbàárà wa, fáíbà díẹ̀ sì wà ní Bódìjà àti Agbowó. A ní AS (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá nẹ́tíwọ̀kì mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tiwa, a ní /22 IPv4 (àdírẹ́sì 1,024) tí a gbà lọ́wọ́ AFRINIC, àjọ tó ń pín àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ní Áfíríkà, IPv6 náà wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Olùpèsè méjì ló ń ta transit (ọ̀nà dé gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì) fún wa, Èkó làwọn méjèèjì ti ń gbé e wá. Lálẹ́, tí gbogbo ilé bá ti tan fíìmù, ohun tó ń wọlé máa ń tó 3 Gbps.

Ráútà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti darúgbó. Default route (ọ̀nà kan ṣoṣo fún gbogbo ibi) nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Tí ọ̀kan nínú wọn bá kú pátápátá, kò sí wàhálà, èkejì á gbà á. Ibi tí ìyọnu wà ni tí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn tí kò kú: BGP (ìlànà tí ráútà fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn) wà lókè, pákẹ́ẹ̀tì ń sọnù, ráútà ò mọ nǹkan kan, oníbàárà ló máa fi ìpè jí mi.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti gbà pé ká ra òmíràn, àmọ́ owó tó wà nílẹ̀ ò lè ra ráútà ńlá tuntun láti ọ̀dọ̀ Cisco tàbí Juniper. Mo lè ra sẹ́fà lásán, kí n fi Linux sí i, kí sọ́fítíwíà BIRD tàbí FRR máa ṣe BGP lórí rẹ̀. Mo tún ń wo MikroTik CCR2216. Ẹnìkan n'Íkẹjà náà sì ní Cisco 7600 àti Juniper MX80 tòkunbọ̀, owó pọ́ọ́kú. Èwo lẹ máa mú?

Ẹ̀gbọ́n Oregun

Àbúrò mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ èyí tí o ò gbọdọ̀ rà kúrò lọ́nà. 7600 yẹn, fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Nínú irú ráútà bẹ́ẹ̀, inú TCAM (mẹ́mórì pàtàkì kan) ni wọ́n ń to prefix (ìdì àdírẹ́sì) sí kí wọ́n lè tètè mọ ibi tí pákẹ́ẹ̀tì ń lọ, TCAM sì ní ìwọ̀n tí wọ́n ti kàn mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́. Ní 12 August 2014, Verizon ṣèèṣì tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún prefix kéékèèké síta, full table (gbogbo prefix tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) IPv4 sì kọjá 512,000. Catalyst 6500 àti 7600 tí ẹnikẹ́ni ò tún ètò wọn ṣe, 512K gan-an ni àyè IPv4 inú wọn. Àwọn kan dákú, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pákẹ́ẹ̀tì gba inú CPU tí kò lágbára rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì sì fà lọ́pọ̀ ibi lọ́jọ́ náà. Lónìí, full table ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Sup720-3BXL, káàdì inú 7600 tí àwọn oníṣòwò fi ń yangàn, mílíọ̀nù kan ni gbogbo àyè tó ní, IPv6 ṣì fẹ́ jẹ nínú rẹ̀, IPv6 kan sì ń jẹ àyè IPv4 méjì. Owó pọ́ọ́kú náà, dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ máa rà fún iná rẹ̀ ló máa gbà á padà lọ́wọ́ yín.

MX80 sàn jù ú lọ. Ó lè gbé full table, mo mọ ibi tó ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ CPU PowerPC inú rẹ̀ lọ́ra gan-an. Kí séṣàn BGP ńlá kan ṣubú kó tún gòkè, wàá rí i bó ṣe máa to prefix padà ní díẹ̀díẹ̀ tí àwọn oníbàárà á máa ṣépè. Bí default àti ìwọ̀nba prefix díẹ̀ nìkan lo fẹ́ gbà, ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ta lo máa rí pááṣì lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá bàjẹ́ lóru?

Tíìkì Gidi

Mo mọ̀ pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bú MikroTik láìpẹ́, ẹ jẹ́ kí n yára. Lóòótọ́, láyé RouterOS 6 (sọ́fítíwíà MikroTik), CCR lè ní kọ́ọ̀ mẹ́rìndínlógójì, ọ̀kan ṣoṣo ni BGP ń lò nínú wọn. Full table wọlé, kọ́ọ̀ kan ń làágùn, mẹ́rìndínlógójì dín kan ń wòran. Ibẹ̀ ni orúkọ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n RouterOS 7 tún apá BGP kọ látòkèdélẹ̀, ẹ̀dà 7.1 sì jáde ní December 2021. CCR2216 ní pọ́ọ̀tù 100G méjì, pọ́ọ̀tù 25G méjìlá, páwà rẹ̀ jẹ́ méjì, iná tó ń jẹ kò tó nǹkan. Fún 3 Gbps, kí lẹ tún ń wá?

Ṣadé NOC

Tíìkì, ẹ kú àtìlẹ́yìn, àmọ́ ẹ parí ọ̀rọ̀ yín. Ṣíìpù Marvell tó wà nínú CCR2216 ló ń jẹ́ kó yára, ṣíìpù náà ò sì gba full table. Bó bá kún, àwọn prefix tó kù á máa gba inú CPU. Ní 3 Gbps ìyẹn ò ní pa yín, kí Ọmọ Mọ́kọ́lá ṣáà mọ̀ pé ìwọ̀n iyára tó wà nínú ìwé ọjà kọ́ ni òun máa rí.

Ní tèmi, sẹ́fà ni mo máa mú, méjì kéékèèké dípò ńlá kan. Sẹ́fà tòkunbọ̀ ò wọ́n, káàdì Intel X710 wà lọ́jà, RAM tí full table ń fẹ́ lórí BIRD kò pé gígábáìtì mélòó kan. Ohun tó máa ń fìyà jẹ Linux ni pákẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ìgbà tí wọ́n bá kọ lu oníbàárà yín. Tó bá dé ibẹ̀, VPP wà, sọ́fítíwíà tó ń yára gbé pákẹ́ẹ̀tì, tí Cisco sọ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé ní 2016. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ fi kánẹ́ẹ̀lì Linux lásán bẹ̀rẹ̀.

BIRD àbí FRR? FRR jẹ́ ọmọ Quagga, Quagga jẹ́ ọmọ Zebra tí Kunihiro Ishiguro bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Àṣẹ tí ẹ ń tẹ̀ sí i jọ ti Cisco, ẹni tó ti ṣe ìdánwò CCNA ti Cisco máa rìn nínú rẹ̀ bí ẹni wà nílé. Bí ẹ bá fẹ́ àwọn ìlànà mìíràn bíi OSPF, IS-IS, EVPN àti gbogbo ẹbí wọn lórí ẹ̀rọ kan, FRR ni. BIRD wá láti Prague, ọ̀dọ̀ CZ.NIC ló wà báyìí, òun lẹ máa bá lórí route server (ẹ̀rọ tó ń pín prefix láàárín àwọn nẹ́tíwọ̀kì) lọ́pọ̀ IXP, ibi tí àwọn nẹ́tíwọ̀kì ti ń pàdé. Èdè filter rẹ̀ (òfin ohun tó lè wọlé tàbí jáde) jẹ́ èdè kọ̀ǹpútà gidi: ẹ lè kọ fọ́ńṣàn, ẹ lè fi if àti for sí i. Ẹ̀dà 3.0 tó jáde ní December 2024 ti ń lo ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ ẹ̀dà 2 ni mo ṣì fi ọkàn tán.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn nínú BIRD 2 ni pé bí ẹ ò bá kọ import àti export (òfin ohun tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde) sí eBGP, ìyẹn BGP pẹ̀lú nẹ́tíwọ̀kì mìíràn, kò ní gbé séṣàn náà dìde rárá. Ohun tí RFC 8212, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kan, bèèrè fún ní 2017 nìyẹn. FRR náà ń tẹ̀ lé e: séṣàn á dìde, àmọ́ prefix kankan ò ní wọlé tàbí jáde. Àwọn ẹ̀rọ olówó ńlá kan wà tó jẹ́ pé ẹ bá gbàgbé filter báyìí, wọ́n á kó gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ fún gbogbo ẹni tó béèrè.

Oníwáyà

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ ń jà lórí ráútà, ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè ibi tí wáyà gbà.

Iṣẹ́ fáíbà ni mò ń ṣe, èmi ni wọ́n ń pè tí kátápílà bá ti gé e. Láàárín Èkó àti Ìbàdàn, orúkọ olùpèsè lè jẹ́ mẹ́fà lórí ìwé, kí fáíbà gbogbo wọn wà nínú kòtò kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀. Ìgbà míì, kébùlù kan náà ni: A ló gbẹ́ ilẹ̀, B yá fọ́nrán méjì nínú kébùlù A, C ra wavelength (àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan nínú fọ́nrán) lọ́wọ́ B, C wá tà á fún yín pẹ̀lú ìwé ìpolówó aláràbarà. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà gbé ẹ̀rọ dé, wọ́n gé kébùlù kan, olùpèsè yín méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. BIRD ò lè ran yín lọ́wọ́, FRR ò lè ran yín lọ́wọ́.

Ẹ bi àwọn méjèèjì pé kí wọ́n fún yín ní fáìlì KMZ ọ̀nà tí fáíbà yín gbà, kí ẹ gbé e lé ara wọn lórí Google Earth. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lè fún yín, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èsì OTDR. Ẹ̀rọ yẹn máa ń sọ bí fáíbà ṣe gùn tó àti ibi tí oríkèé (ibi tí wọ́n ti so fáíbà pọ̀) wà. Bí oríkèé fáíbà méjì bá bọ́ sí ibi kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ti mọ ohun tí ẹ rà. Ọ̀nà mìíràn wà: ti Abẹ́òkúta wà, ti Ìjẹ̀bú-Òde wà. Ó gùn ju ti tààrà lọ, ping á fi ìwọ̀nba díẹ̀ lọ sókè, oníbàárà tó ń wo fíìmù ò ní mọ̀.

Ní June 2024, ìjọba àpapọ̀ fi òfin sọ àwọn ohun èlò báyìí di dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè. Ẹ sọ fún kátápílà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Oníwáyà, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti pe àwọn méjèèjì láàárọ̀. Èyí àkọ́kọ́ fi KMZ ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán. Èkejì ní àṣírí iṣẹ́ ni. Mo wá béèrè OTDR gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, wọ́n ní àwọn á "padà sọ́dọ̀ mi". Mo ṣe traceroute, àdírẹ́sì tó jáde yàtọ̀ síra láti ibi àkọ́kọ́.

Oníwáyà

Traceroute ò mọ kòtò o. Ráútà ló ń bá sọ̀rọ̀.

Kútọ̀nù 229

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará Nàìjíríà. Ọmọ Kétu ni mí, Kútọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Oníwáyà yẹn, ẹ bá a wọ inú òkun. Ní 14 March 2024, kébùlù òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ níwájú Abidjan. Ní tiwa, ACE àti SAT-3 ló gúnlẹ̀ sí Kútọ̀nù, àwọn méjèèjì ló wà nínú èyí tó bàjẹ́. Ẹni tó ti ra "ọ̀nà méjì" láti ọjọ́ yìí rí i pé ibi kan náà nísàlẹ̀ òkun ni wọ́n jọ gbà. Èkó rọ́wọ́ mú díẹ̀ nítorí kébùlù Equiano, tó gúnlẹ̀ sí Lọmé àti Èkó ní 2022, kò yà sí Abidjan rárá, Glo-1 náà sì ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ ilé ìfowópamọ́ yín dákẹ́ lọ́jọ́ náà, àbí mo parọ́?

Nítorí náà, tí olùpèsè bá ní òun ní "ọ̀nà púpọ̀", ẹ ní kó dárúkọ kébùlù. Kó sọ èyí tó ń gbé dátà yín lọ́jọ́ tí kò sí ìṣòro, kó sọ èyí tó máa gbà á lọ́jọ́ tó bá já, kó sì sọ iye tó rà lórí èyí kejì. Ibi tó kẹ́yìn yẹn ni ohùn wọn ti máa ń lọ sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ní ọ̀nà ìdáàbòbò tí kò gba ìdámẹ́rin ohun tó ń kọjá lórí ọ̀nà àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n Oregun

O ò parọ́. ATM kò dá wa lóhùn lọ́jọ́ yẹn.

Ará Peckham

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín láti London. Mo ń ka ìjà BIRD àti FRR yìí, àmọ́ ìbéèrè mi yàtọ̀. Kí ni ISP tí oníbàárà rẹ̀ ń wo fíìmù fẹ́ fi full table ṣe?

Full table ń jẹ́ kí o yan ọ̀nà tí pákẹ́ẹ̀tì rẹ máa gbà jáde. Ohun tó ń jáde lọ́dọ̀ Ọmọ Mọ́kọ́lá kò tó nǹkan, ohun tó ń wọlé ló kún. Èyí tó ń wọlé, àwọn tó ń fi ránṣẹ́ ló ń yan ọ̀nà rẹ̀. Gbogbo ohun tí o lè ṣe ni kí o fi ìkéde rẹ darí wọn: kí o kéde /22 odidi fún àwọn méjèèjì, kí o wá kéde /23 kan fún A nìkan, /23 kejì fún B nìkan. Bí A bá kú, /22 ṣì wà lọ́dọ̀ B. O tún lè lo prepend (kí o tún AS rẹ kọ léraléra kí ọ̀nà lè dà bí èyí tó gùn), o sì lè lo community (àmì tí o fi sára prefix) tí olùpèsè bá gbà á. Ráútà mílíọ̀nù kan prefix ò fi kún èyí rárá.

Àìsàn láìkú tí o sọ nínú ìbéèrè rẹ, níbẹ̀ gan-an ló ti ń pa yín. Bí A bá ń sọ pákẹ́ẹ̀tì nù, tí séṣàn rẹ̀ ṣì wà lókè, gbogbo ayé á ṣì máa fi dátà oníbàárà rẹ gba ọ̀dọ̀ A wá. Ìwọ lè ti yí èyí tó ń jáde sí B, èyí tó ń wọlé ò gbọ́. Àfi kí o yọ ìkéde rẹ kúrò lọ́dọ̀ A.

Ẹ̀gbọ́n Oregun

Peckham, òótọ́ ni lórí ìkéde. Lórí full table, London lò ń gbé. Lọ́dọ̀ wa, olùpèsè lè pàdánù ọ̀nà òkun kó ṣì ní Èkó lọ́wọ́. Default rẹ̀ kò ní kúrò, á kàn máa gba pákẹ́ẹ̀tì tó ń lọ sí Amẹ́ríkà kó sì jù ú nù. Bó bá jẹ́ full table ló ń fún mi, tí ọ̀nà òkun já, màá rí i tí prefix ń bọ́ lọ, pákẹ́ẹ̀tì mi á sì gba ọ̀dọ̀ èkejì láìjẹ́ pé mo jí.

Ṣadé NOC

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ọ̀nà kan sì wà láàárín. Kó ní kí wọ́n fún òun ní prefix àwọn oníbàárà olùpèsè náà, pẹ̀lú default. Kó tún gba prefix mélòó kan tó mọ̀ pé ẹ̀yìn òkun ni wọ́n wà, kó fi wọ́n ṣe àmì. Bí àmì wọ̀nyẹn bá kúrò, kó má gba default lọ́dọ̀ onítọ̀hún mọ́. Lórí sẹ́fà, full table náà kò ní wọ́n lọ́rùn, nítorí náà kó gbà á tó bá wù ú.

Fún ti àìsàn, BFD (ìlànà tó ń yẹ ọ̀nà wò lemọ́lemọ́) máa sọ fún yín bí ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ ráútà olùpèsè bá bàjẹ́, kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ ní láti máa píǹgì àwọn ibi díẹ̀ lẹ́yìn òkun gba ọ̀dọ̀ olùpèsè kọ̀ọ̀kan, kí skírípítì sì máa ka iye tó ń sọnù. Bó bá burú fún ìgbà díẹ̀, kó fi birdc (irinṣẹ́ tí a fi ń pàṣẹ fún BIRD) pa séṣàn náà. Kó má ṣe tètè gbé e dìde o. Kó dúró kí nǹkan rọlẹ̀ dáadáa, torí séṣàn tó ń bọ́ tó ń gòkè léraléra máa ń jẹ́ kí àwọn nẹ́tíwọ̀kì mìíràn fojú burúkú wo prefix yín. Kí skírípítì náà má sì lè pa séṣàn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láé, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sínú rẹ̀.

Bí ó ṣe máa rí nínú BIRD nìyí, mo fi nọ́ńbà àpẹẹrẹ sí i:

```
protocol bgp olupese_a {
  local as 64500;
  neighbor 192.0.2.1 as 64496;
  local role customer;
  bfd on;
  ipv4 {
    import limit 1300000 action block;
    import filter gba_lodo_a;
    export filter tiwa_nikan;
  };
}
```

Ìlà tó sọ role yẹn wá láti inú RFC 9234, May 2022. Ó ń sọ fún ráútà pé "oníbàárà ni mí lọ́dọ̀ ẹni yìí", ráútà fúnra rẹ̀ ò sì ní gbé ohun tó gbà lọ́dọ̀ olùpèsè kan lọ fún olùpèsè mìíràn. FRR náà ní i, OpenBGPD náà ní i. Kí olùpèsè yín tó bá ṣe tirẹ̀, tiyín ti ń dáàbò bò yín.

Tíìkì Gidi

Gbogbo ìyẹn fún ISP kékeré? Ta ló fẹ́ jí gbé Google gba Mọ́kọ́lá?

Ṣadé NOC

Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní 12 November 2018, MainOne, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí AS rẹ̀ jẹ́ AS37282, ń ṣe àtúnṣe nẹ́tíwọ̀kì wọn ní Èkó níbí. Filter kan ò tọ̀nà, prefix Google tí wọ́n gbà nípa peering (pàṣípààrọ̀ tààrà) lọ sọ́dọ̀ China Telecom, China Telecom gbà á, ó kéde rẹ̀ fún àwọn mìíràn. Ó gba ìṣẹ́jú 74 kí wọ́n tó tún un ṣe. Láàárín ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn, àwọn èèyàn tó wà ní ilẹ̀ òkèèrè ń wá Google, pákẹ́ẹ̀tì wọn ń gba Ṣáínà àti Rọ́ṣíà. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń pariwo pé ogun ayélujára dé. MainOne jáde wá ṣàlàyé, mo sì yìn wọ́n fún un, ọ̀pọ̀ kì í sọ̀rọ̀.

Ẹ wò ó dáadáa: RPKI, ètò tó ń yẹ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti kéde prefix wò, ò lè dá ìyẹn dúró. AS tó wà ní òpin ipa ọ̀nà náà ṣì ni AS15169, Google gan-an, nítorí náà origin rẹ̀ tọ́. Ipa ọ̀nà ló wọ́. Ẹ ṣe ROA yín (ìwé àṣẹ tó sọ AS tó lè kéde prefix yín) lórí MyAFRINIC lónìí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ẹ gbé Routinator tàbí rpki-client, sọ́fítíwíà tó ń yẹ ROA wò, sí ẹ̀gbẹ́ BIRD, ẹ máa ju èyí tí kò bófin mu nù. Àmọ́ ẹ má rò pé ìyẹn tán síbẹ̀. Filter tó ń sọ pé "prefix tiwa nìkan ló ń jáde" ló máa gba Mọ́kọ́lá lọ́wọ́ ìròyìn.

Alábòójútó

Mo ti yọ ìdáhùn kan kúrò tó dárúkọ olùpèsè pẹ̀lú èébú. Èyí tí gbogbo ayé ti mọ̀ tí ilé iṣẹ́ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ, kò burú. Ẹ̀sùn tara ẹni, ẹ gbé e lọ bá NCC.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀

Ẹ dákun, mo fẹ́ béèrè nǹkan kékeré. Níbo lèèyàn tí kò ní AS ti lè kọ́ gbogbo èyí?

Ará Peckham

Gbé containerlab sórí láptọ́ọ̀pù rẹ, FRR àti BIRD máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ bí ẹni pé ráútà mẹ́wàá ló wà níwájú rẹ. Tó bá ti yé ọ, wọ DN42, àwọn èèyàn gidi ló ń ṣe BGP níbẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì tí kò jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì, o lè ba nǹkan jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Kí o sì wá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ngNOG àti AfNOG, ẹgbẹ́ àwọn tó ń bójú tó nẹ́tíwọ̀kì ní Nàìjíríà àti Áfíríkà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ṣé ẹ lè bá mi wo apá owó? Dọ́là ni wọ́n fi ń ka transit wa. Kí náírà tó já sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan kò pé 500 náírà níbi tí bánkì ti ń ṣírò. Kò tó ọdún kan ó ti kọjá 1,500. Iye tí oníbàárà ń san kò lè di ìlọ́po mẹ́ta. Ọ̀gá wa ń béèrè pé kí la lè dín kù.

Ẹ̀gbọ́n Oregun

Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wo ohun tó ń wọlé lóru. Ṣe sFlow tàbí NetFlow (ìṣirò ohun tó ń kọjá) lórí ráútà fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o pín in sí AS. Google pẹ̀lú YouTube, Meta, Netflix, àwọn díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa kó ìpín ńlá. Èkó ni wọ́n ti lè fún ọ ní ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, lórí IXPN, IXP ti Nàìjíríà. Ṣé o wá rí i pé ò ń san owó dọ́là láti gba fíìmù tó wà ní Victoria Island? Ra transport (ọ̀nà lásán, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì) láti Ìbàdàn dé data centre kan l'Ékòó tí IXPN wà, gba pọ́ọ̀tù, gbé séṣàn sí route server wọn, kí o wá bá àwọn ńlá sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Transit á kù fún ohun tó bá wà lẹ́yìn òkun lóòótọ́.

Wo àdéhùn transit rẹ náà. 95th percentile ni ọ̀pọ̀ ń lò: wọ́n á wọn ohun tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, wọ́n á to gbogbo rẹ̀, wọ́n á yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún tó ga jù, èyí tó bá ṣíwájú lẹ́yìn ìyẹn lo máa san. Nínú oṣù ọlọ́jọ́ 30, wákàtí 36 ni wọ́n fi jìn ọ́. Ṣùgbọ́n alẹ́ yín máa ń kún ní wákàtí mẹ́rin lójoojúmọ́, ìyẹn 120 nínú oṣù, nítorí náà alẹ́ lò ń san. Bí fíìmù alẹ́ bá kúrò lórí transit bọ́ sórí IXPN, iye tí wọ́n máa kà sí ọ lọ́rùn á já wálẹ̀ gan-an.

Kútọ̀nù 229

Kó má sì gbàgbé pé transport sí Èkó náà ń gba kòtò Oníwáyà.

Ará Peckham

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un lórí ẹ̀rọ. LINX, IXP kan níbí, ní LAN (nẹ́tíwọ̀kì) méjì ní London, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ẹ̀rọ wọn má jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan náà. Nígbà tí wọ́n tún ọ̀kan nínú wọn, LON2, ṣe ní 2018, súwíìṣì Edgecore ni wọ́n lò, sọ́fítíwíà OcNOS ti IP Infusion ni wọ́n gbé sórí rẹ̀. Bí kòkòrò sọ́fítíwíà (bug) kan bá pa apá kan, èkejì wà. Ní August 2023, wọ́n fi han gbogbo ayé pé BGP attribute (àlàyé tó ń bá prefix rìn) kan tí wọ́n kọ búburú lè mú kí FRR àti ráútà Juniper já séṣàn wọn fúnra wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni attribute náà ti wá. Ẹni tó ní irú ráútà kan ṣoṣo ní ẹnu ọ̀nà méjèèjì, lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n máa já. BIRD lórí sẹ́fà kan, FRR lórí èkejì, iBGP (BGP inú nẹ́tíwọ̀kì kan náà) láàárín wọn: ìyẹn ni mo máa ṣe.

Ṣadé NOC

Ní tèmi, rárá. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ púpọ̀ ní LINX. Níbí, ẹni kan ló máa ń jí lóru, kó wá máa rántí èdè filter méjì lójú oorun? BIRD méjì, kí wọ́n jẹ́ ẹ̀dà tó yàtọ̀ síra díẹ̀, kí wọ́n má ṣe gbé àtúnṣe sórí àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Àṣìṣe ọwọ́ èèyàn ló ń pa wá jù kòkòrò lọ.

Ará Peckham

Mi ò gbà, àmọ́ ó yé mi.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Sẹ́fà méjì la máa rà, BIRD méjèèjì, torí ìwọ̀nba èèyàn tí a jẹ́. Ọ̀kan máa wà n'Íbàdàn, èkejì máa wà l'Ékòó nínú data centre tí a ti máa gba pọ́ọ̀tù IXPN. ROA ti wà lórí MyAFRINIC láti àná. A máa gbé IPv6 dìde lórí BIRD látìbẹ̀rẹ̀, kó má tún di ọ̀rọ̀ ọ̀la.

Olùpèsè kejì ti fi èsì OTDR ránṣẹ́ níkẹyìn. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ KMZ ti àkọ́kọ́. Títí dé nǹkan bí agbègbè Ṣàgámù, oríkèé wọn kò jọra. Láti ibẹ̀ lọ sí Èkó, wọ́n ń bá ara wọn mu léraléra. Oníwáyà, ṣé bí mo ṣe ka á nìyẹn?

Oníwáyà

Bí ẹ ṣe ka á nìyẹn. Kòtò kan ni láti Ṣàgámù wọ Èkó. Ẹ padà lọ bá èkejì, ẹ bi í bóyá ó lè gbé yín gba Abẹ́òkúta wọ Èkó, ẹ fi èsì yẹn hàn án kó má baà sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá gbà, ẹ kọ ọ̀nà náà sínú àdéhùn, kí wọ́n má lè yí i padà láìsọ fún yín, torí wọ́n máa ń yí i.

Ìbéèrè kan kù: nínú ilé yín n'Íbàdàn, ṣé fáíbà méjèèjì ò gba ihò kan náà wọlé? Ẹ ya fọ́tò ẹnu ibi tí wọ́n gbà wọlé, ẹ fi ránṣẹ́ síbí.